Táyà Tí Mo Tà Bí Ẹni Ń Ta Iṣu

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, Dúpẹ́, má bá mi tún un ṣe.

Iṣu ni mo ń tà l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí bàbá àgbà rẹ tó mú mi wá sí Pápá Àjàó, ní Múṣin. Ìsọ̀ táyà ló ní níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà gbé e lọ sí Òkè Ọya, ó ní kí n máa bá òun tà á. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Bí mo ṣe ń yan iṣu náà ni mo ṣe ń yan táyà: mo máa gbé e wò, mo máa fi ìka kàn án kó-kó-kó, mo tún máa gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá wúwo jù, òun ló dáa jù. Àwọn lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni, bí ẹni fín ara. N ò mọ ìwé rárá, ṣùgbọ́n ẹnu mi mú bí abẹ.

Rájí tó ń lẹ táyà, fọ́kánáísà, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, àmọ́ n kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ kúnlẹ̀ nínú eruku, kí ló mọ̀ nípa ọjà?

Lọ́yà kan wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Súrùlérè ló ń gbé, ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Jámánì kan tó rẹlẹ̀, tó ń bú ramúramù, tó jẹ́ pé eré nìkan ló mọ̀. Táyà iwájú méjèèjì ti dán bọ̀rọ́ ní ẹ̀gbẹ́ inú, bẹ́ẹ̀ ilà ẹ̀gbẹ́ ìta ṣì jinlẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, oṣù mẹ́ta péré ni mo fi lò ó. Kí ló dé tó ń jẹ lápá kan?"

Mo ní, "Lọ́yà, táyà yẹn dà bí iṣu tí ò gbó kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà. Ẹ jẹ́ n fún yín lóhun tó gbó."

Mo yí méjì tó wúwo bí ọlọ jáde, irú èyí tí píkọ́ọ̀pù tó ń ru pákó ní Makoko ń lò. Ó wọ ríìmù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Rájí ti lọ kírun Jímọ̀, mẹkáníìkì òdìkejì títì ló bá wa dè é.

Lọ́yà ní, "Lọ́la ni mò ń gbé ìyàwó mi àti ọmọ tuntun lọ sí Ìbàdàn, kí ìyá mi lè rí ọmọ."

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Táyà yìí á gbé yín dé Kánò!"

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, ó rí táyà àtijọ́ nílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára. "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ò tọ́. Ọ̀kan ń wo ọ̀tún, ọ̀kan ń wo òsì. Kí lo tà fún un?"

Mo fi èyí tó kù nínú irú rẹ̀ hàn án. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Bọ́lá! Táyà ẹrù nìyí! Lẹ́tà tó ń sọ eré tí táyà lè sá nìyí, kì í ṣe ti ọkọ̀ eléré. Bó bá tẹ ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn, táyà á gbóná, á bẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, táyà tó nípọn tó báyìí?"

"Ṣé alárù ló ń sáré ìje ni? Bọ́ bàtà ẹ."

Mo bọ́ ọ. Ó dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀gbẹ́ inú ti jẹ tán, ẹ̀gbẹ́ ìta ṣì dà bí ọjọ́ tí mo rà á.

"Ṣé bàtà ni ò dáa ni, àbí ìwọ lò ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ?"

Ọmọ jòjòló yẹn ni mò ń rò. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ká jọ lọ bá lọ́yà. Ó ní, "Ẹnu tó tà á ni kó lọ gbà á padà."

Mo mọ àdúgbò lọ́yà, n ò mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní mo mọ̀ ọ́n, ta ni yóò kà á fún mi? Ojúlé dé ojúlé ni mò ń yọjú, tí mò ń fi ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ rìn, tí mo sì ń to irọ́ jọ: bóyá kí n sọ pé ẹlòmíì ló ti sanwó táyà yẹn tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí ọkọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà léjìká rẹ̀, lọ́yà sì dúró lẹ́yìn wọn. Gbogbo irọ́ mi bá fò lọ.

Mo kúnlẹ̀. "Lọ́yà, n ò mọ̀wé. Mo ta táyà fún yín bí ẹni ń ta iṣu. Ẹ má gbé e lọ sí Ìbàdàn."

Ó ní, "Nínú gbogbo ẹjọ́ tí mo ti rò, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá sọ pé òun jẹ̀bi."

Wọn ò lọ lọ́jọ́ kejì mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n mú ọkọ̀ náà lọ bá àwọn tó ń tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ nítòsí Costain, ó sì yan táyà tó bá eré rẹ̀ mu. Ó fúyẹ́ débi pé ojú ń tì mí láti gbé e fún èèyàn. Lọ́yà fi lọ sí Ìbàdàn, ó fi bọ̀, ìyá rẹ̀ sì fi iṣu ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi ní lẹ́tà ara táyà. Ẹ̀yin fi A bẹ̀rẹ̀ ìwé. S lèmi fi bẹ̀rẹ̀, mo kọ́ H, mo kọ́ V. N ò tíì dé A dòní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kì í ta táyà tuntun fún ẹnikẹ́ni kí n tó fọwọ́ pa ògbólógbòó rẹ̀ lára, inú àti ìta.

Bàtà tí o rà fún mi lóṣù tó kọjá, lọ wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ inú ti ń jẹ. Má lọ bá ẹni tó tà á fún ọ jà o. Bàtà dáa.