Ìgbànú Ọkọ̀ Tí Ìyá Ìyàwó Mi Kọ̀

Ìyàwó mi kú fi mí sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí. Àwọn ọmọ ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rántí sínú ìwé, pé ó sàn ju kí n jókòó máa wo ẹnu ọ̀nà lọ. Ìwé mi kò pọ̀. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn Fadá kí n tó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, níbi tí mo ti ṣe mẹkáníìkì ní Atakpamé títí orúnkún mi fi kọ̀ fún mi. Gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ni mo mọ orúkọ wọn, mo mọ orúkọ bàbá wọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n inú àdúrà ni mo ń dárúkọ wọn sí báyìí. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ ìyá ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ.

Abúlé kan lẹ́bàá Moretan ni ìyá ìyàwó mi ń gbé. Àwa tí a wà ní Atakpamé ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ilé tiwọn kò fi òrìṣà wọn sílẹ̀, ìyẹn kò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ìyá ti gbé gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn láti ìgbà ọmọge wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin agbègbè wa, kò dà wọ́n láàmú. Àfi ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, tí gẹ̀gẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀nà ọ̀fun. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, mímí wọn a máa dún bí afẹ́fẹ́ tó ń yọ lára táyà.

Ọsibítù Atakpamé sọ pé dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn ń bọ̀ láti Lomé ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá bá a yóò dúró oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan fa ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyá yẹn kò ní oṣù mẹ́ta láti fi dúró."

Takisí tó ń ná ọ̀nà Moretan a máa kó ènìyàn bí ẹni ń di iṣu sápò. Ẹni tí kò rí èémí mí kò lè wọ̀ ọ́. Orí bá wa ṣe é, àbúrò ìyàwó mi, tíṣà ni, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ní èbúté Lomé. Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà ti wá, ìgbànú ìjókòó iwájú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fọwọ́ dè. Bí o bá ti ti ilẹ̀kùn, tí o ṣáná sí ọkọ̀, ìgbànú á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ lórí irin kan lókè ilẹ̀kùn, láti iwájú lọ sẹ́yìn, á sì gba àyà rẹ kọjá.

Tíṣà lọ gbé ìyá wọn. Òun nìkan ló padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá bọ́ sílẹ̀."

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Mo ṣáná sọ́kọ̀, ni wọ́n rí i tí ìgbànú ń wọ́ bọ̀ wá síbi ọrùn wọn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó tún ń wọ́ padà. Wọ́n ní ejò wo ni mo kó sínú ọkọ̀."

Ìyàwó mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìwọ náà wò ó. Ìyá ẹ ò rí èémí mí, o wá gbé ejò lọ kí wọn."

"Ẹ bá mi gé e dànù, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń de ìgbànú ní ìlú yìí?"

"Gé tìẹ bó o bá fẹ́," ìyàwó mi dá a lóhùn. "Màmá mi ló máa jókòó lápá kejì. Orí òkè ni ọ̀nà Atakpamé. Bàbá Ìbejì máa wá nǹkan ṣe sí i."

Èmi ni Bàbá Ìbejì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo tú orí bátìrì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí iná ló ń gbé ìgbànú yẹn rìn. Mo tú irin tó wà lókè ilẹ̀kùn, mo yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń fà á. Mo wá ṣí ike tó bo òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, ọkàn mi sì balẹ̀. Ihò wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti lù ú sílẹ̀, wọ́n ti jó nọ́ọ̀tù tó nípọn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí irú ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń tà fún àwọn ará Yúróòpù pẹ̀lú ìgbànú àfọwọ́dè. N kò ní láti lu irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ọkọ̀. Ìgbànú nìkan ló kù.

Mo mọ ibi tó wà. Ọkọ̀ kan tó jọ ọ́, tó ní ìgbànú àfọwọ́dè, ti forí gbá igi lọ́nà Anié ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ rẹ̀ àti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kú sínú rẹ̀. Àgbàlá mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi ni òkú ọkọ̀ náà wà. Mo tú ìgbànú méjèèjì lára rẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ Tíṣà. Mo fọwọ́ fà wọ́n gìrì, wọ́n dì. Mo ní ó parí. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ ibi tí wọ́n ti wá fún.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti ìyàwó mi wa ọkọ̀ náà dé Moretan. Ìyá wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìka kan tọ́ ìgbànú náà wò.

"Ó jókòó jẹ́ẹ́ báyìí?"

"Ó jókòó jẹ́ẹ́, Ìyá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ dè é."

"Ó dáa. Níbo lo ti rí i?"

Lọ́dọ̀ tiwa, àna lè dákẹ́ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ purọ́ fún un. Mo ń wo bàtà mi. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn.

"Inú ọkọ̀ tó gbá igi lọ́nà Anié ni, Màmá."

Ìyá jókòó padà sórí àpótí wọn. "Okùn tí wọ́n fi sọ òkú kalẹ̀ sínú ilẹ̀, ṣé wọ́n máa ń mú un wálé wá fi so ewúrẹ́?"

"Rárá, Ìyá," mo ní.

"Ṣé ewúrẹ́ wá níyì jù mí lọ ni?"

Inú bí mi díẹ̀. Ọjọ́ Ajé kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá ń mí bí táyà, èèwọ̀ okùn ni a sì ń rò. Mo ní aṣọ àti irin ni ohun tí mo dè yìí, òkú kò sí nínú rẹ̀. Mo bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n yá mi ní àpò àgbàdo kan. Mo gbé e ka ìjókòó iwájú, mo fi ìgbànú dè é.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí àgbàdo yìí jẹ́ ẹ̀yin. Ẹ máa wò ó."

Mo sáré ọkọ̀ náà lọ títí dé ìdí igi máńgòrò, mo yí i padà, mo ń bọ̀. Nígbà tí mo dé iwájú ilé, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ nǹkan tó dún kẹrẹrẹrẹ létí mi, ìgbànú ń tú síwájú bí okùn kànga tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fa omi. Àpò náà fi orí gbá gíláàsì, gíláàsì sán, àpò ya, àgbàdo sì dà kún inú ọkọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ó tún dà sílẹ̀. Adìẹ sáré dé.

Ìyá dìde, wọ́n rọra rìn wá, wọ́n wo inú ọkọ̀ náà pẹ́.

"Ṣé èmi nìyẹn?"

Mo fi ẹsẹ̀ lé adìẹ sẹ́yìn.

"Ẹ wá ṣà mí jọ," wọ́n ní, "kí adìẹ tó jẹ mí tán."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo ń ṣa àgbàdo. Nígbà tí mo tú ìgbànú náà wò nílé, eyín irin inú rẹ̀ ti jẹ, aṣọ rẹ̀ sì ti fà gùn níbi kan. Ìgbànú tó bá ti bá ènìyàn la ìjàǹbá kọjá ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ tán. N kò mọ̀. Ìyá gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀ ṣáájú mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo wọ takisí lọ sí Lomé. Mo fi bébà di bóòtù tó wọ ihò òpó náà sínú àpò mi, kí wọ́n má bàa ta èyí tí kò bá a mu fún mi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ kọ́kọ́ gbé ìgbànú tó ní bóòtù tín-ín-rín wá, ó ní yóò wọ̀. Mo ní irú tèmi ni mo fẹ́. Ó ráhùn, ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó gbé tuntun méjì tó ṣì wà nínú ọ̀rá jáde. Ní Sátidé mo fi ìka lásán yí bóòtù wọn wọ inú ihò dé ìdí kí n tó fi sípánà dì wọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a padà sí Moretan. Èmi fúnra mi ni mo béèrè àpò àgbàdo.

"Ẹ gbé èmi kejì wá fún un," Ìyá ní.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ bíréèkì níwájú ilé náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àpò náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, tí ìgbànú gbá a mú, tó sì padà jókòó. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó mi sì bu omi fún mi.

Òun ló gbé tìmùtìmù líle kan sábẹ́ ìyá rẹ̀, tó fi jẹ́ pé orí èjìká ni ìgbànú gbà, kò débi ọrùn. Ìyá fọwọ́ ara wọn dè é. Wọ́n dúró díẹ̀ wò ó bóyá yóò rìn. Kò rìn. Agogo kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ọkọ̀, èyí tí n kò rí ojútùú rẹ̀.

"Kí ló ń dún?"

"Ó ń béèrè bóyá ẹ ti dè é, Ìyá."

"Sọ fún un pé mo ti dè é."

Nígbà tí a kọjá Anié, màlúù kan já gba iwájú wa lọ. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọnrangandan. Mo yíjú wò wọ́n. Wọ́n wà níbi tí wọ́n wà.

"Ó mú mi," wọ́n ní. Ìyẹn nìkan.

Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn náà fún wọn ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a ń gbé wọn padà sílé, wọ́n sùn lọ nínú ọkọ̀, n kò sì gbọ́ mímí wọn rárá, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń yọjú wò wọ́n. Mímí tí kì í dún ni. Ogbó ló mú wọn lọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ọrùn, kì í sì í ṣe ọ̀nà.

Láti ọjọ́ àgbàdo yẹn, ọkọ̀ yòówù tí mo bá wọ̀, ìyàwó mi a na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ mi, a fa ìgbànú àyà mi gìrì lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jẹ́ kí a lọ. Bí a ti ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó síwájú ọkọ̀ ọmọ wa, mo sì ń dúró. Ọmọ náà béèrè ohun tí mò ń dúró dè. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì fúnra mi. Ó dì. Mo ní kó máa lọ.