Orin Ìkórè Tí Mo Gbé Ti Màdíríìdì Bọ̀

Ọdún kan ni mo lò ní Màdíríìdì nígbà tí mo ń kọ́ èdè Sípáníìṣì ní yunifásítì. Gbogbo Sátidé ni rédíò ibẹ̀ máa ń ka àwọn orin tó tà jù lọ́sẹ̀ náà, láti ìkẹwàá dé èkínní, èmi náà á sì máa kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan. Èyí tó pẹ́ jù ní ipò kìíní ni orin obìnrin kan tó ń sọ fún ọkùnrin rẹ̀ pé kó kó ẹrù rẹ̀, kó má sì padà wá mọ́. Mo ra àwo rẹ̀, mo gbé e wálé sí Ayégbajú.

Ọmọ kíláàsì mi kan, akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló ní kí n tún un fi sí i. Nígbà tí ìkórè dé, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi orin tuntun gbé iṣu rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ, ẹgbẹ́ tirẹ̀ gbé orin mi jáde. Ohùn rẹ̀ gan-an ni, kò yí i padà rárá. "Kó ẹrù rẹ lọ" ló di "Kó iṣu rẹ wá."

Wọ́n bi í níbi tó ti rí i. Ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló fún òun lóko, bí òun ti ń kọ ebè.

Nígbà náà, wọ́n ti ń sọ kiri pé ìwé àkàjù ni kò jẹ́ kí n lọ́kọ. Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe dé Ìtapàjí, tó dé Ìdó, tí òun náà sì di olórí akọrin. Àádọ́ta ọdún ni mo fi gbé e mì.

Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ tẹ ìwé orin ìkórè, orúkọ olórí akọrin sì wà lábẹ́ orin mi. Mo gbé àwo náà lọ bá a.

"O ṣì ní nǹkan yìí nínú ulé?"

"Mo ní i. Ẹ̀mí Mímọ́ rẹ nìyí, ó ní ihò láàárín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ìwọ obìnrin yìí, o ò ní í gbàgbé nǹkan láé. Ṣebí èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i?"

"Ọ̀rọ̀ iṣu lo fi sí i."

"Iṣu kì í ṣe ti Ọlọ́run ni?"

Mo bá lọ sọ́dọ̀ fíkà, àlùfáà ìjọ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo lè bí. Ó wá orin náà lórí fóònù rẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un.

"Ìyá! Orin ẹni tó ń lé ọkọ la fi ń gbé iṣu fún Olúwa?"

Mo ní orúkọ ọkùnrin yẹn ni kó yọ, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo mú un wá. Ó mi orí. Ó ní bó bá jẹ́ ti olórí akọrin, yóò wọ ìwé. Bó bá jẹ́ ti Sípéènì, kò ní í wọ̀ ọ́. Kí n mú ọ̀kan.

Mo ní, "Ẹ yọ orin náà."

Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn akọrin kọ orin Èkó kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti gbé iṣu sórí, ìyá àgbà kan nínú wọn dá a: "Kó iṣu rẹ wá!" Gbogbo ilé gbè é. Fíkà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Olórí akọrin ò bá wọn kọ ọ́. Ó fi fìlà sórí orúnkún, ó ń wo ilẹ̀.

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi. "Ìyá, ẹ ò bá wa kọ ọ́ ni? Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

"Ẹ kúkú kọ ọ́!" ló wí, ó sì kọjú síwájú, ó ń bá orin náà lọ.