Ìgò Àgbo Ìyá Ràfíù

Lónìí, ìgò òfìfo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti onígò.

Obìnrin yìí máa ń yí Ìdí Arẹ̀rẹ̀ ká, ó ń ra ìgò tá a ti lò tán, á fọ̀ wọ́n, á tà wọ́n fún àwọn elépo l'Ọ́jà'ba.

Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìgò jáde fún un.

Ó ń gbọ́ òórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti gba kẹrosíìnì rí, kì í rà á, torí kò ṣeé rọ epo sí mọ́.

Ó gbé ọ̀kan sí imú.

"Bàbá, àgbo ló wà nínú eléyìí."

"Òun ni Ìyá Ràfíù mu kó tó kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Màá fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Òórùn yẹn á lọ."

"Gbé e sílẹ̀."

"Háà, Bàbá, ìgò lásán!"

"Mo ní gbé e sílẹ̀!"

Ó gbé e sílẹ̀, ó kó ìyókù lọ.

Mo ti dé e pinpin. Àwọn ẹbí ti pín gbogbo aṣọ rẹ̀. Òórùn yìí ló ṣẹ́kù fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin aya, kí lẹ ṣe tí òórùn rẹ̀ ò fi tíì tán lọ́dọ̀ yín?