Ọjọ́ Mẹ́ta Nídìí Ọ̀pá Òjò

Bí òjò bá ń lu páànù orí ọkọ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ariwo yẹn ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbọ́ lójú ọ̀nà erùpẹ̀ kan tó kọjá Avrankou, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹni tí kì í wa ọkọ̀ ẹrù lè má mọ ọ̀pá òjò. Tí òjò bá ti rọ̀ sí ọ̀nà tí kò ní gúdúrọ̀n, ìyẹn ọ̀dà dúdú ojú títì, wọ́n á na ọ̀pá irin gbọọrọ dí i, kí àwọn ọkọ̀ ńlá má baà fi táyà hú ilẹ̀. Ọ̀pá náà kò ní gbéra àfi tí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí òjò bá tún rọ̀ kó tó gbẹ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení nìyẹn. Alùpùpù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àgbẹ̀ tó ru ẹ̀gẹ́ ń kọjá, ewúrẹ́ pàápàá ń kọjá. Àwa awakọ̀ ẹrù la jókòó tí à ń wò wọ́n. Mo ní kí n yí padà, wọ́n ti na ọ̀pá mìíràn sẹ́yìn mi.

Ọdún kẹta mi nídìí iṣẹ́ nìyẹn. Mo máa ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní àdúgbò Dowa l'Àjàṣẹ́ pé èmi ò fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ẹ wo ohun tí mo fi ń yangàn! Sìmẹ́ǹtì ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, rọ́bà tí mo fi bò ó sì ti ya níbì kan.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Àjàṣẹ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá bàbá wa dùbúlẹ̀.

"Bàbá ń béèrè rẹ láti àárọ̀. Máa bọ̀ o."

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ló dá mi dúró. Bí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà báyìí, mo dé nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ̀ ni òjò dá dúró. Ṣé ó dá ìwọ náà dúró ni?"

Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ọ̀pá náà gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ọmọ Gun ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa, dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, gun alùpùpù zémì kan kí o máa lọ. Màá bá ọ wo ọkọ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lọ, mo ń sọ nínú ara mi pé ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ẹ̀rù ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ló ń bà mí. Ti bàbá mi kò bà mí lẹ́rù, torí kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó lè kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, oòrùn yọ. Arúgbó náà fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, ó ní ó ku díẹ̀. Mo ti tan ọkọ̀ kalẹ̀ nígbà tí òjò tún ya lulẹ̀. Mo gbórí lé ọwọ́ mi, mo sunkún bí ọmọdé. Inú òjò yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi tún ti pè.

"Bàbá ti lọ. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì la máa sin wọ́n."

Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá rántí pé mo ní ẹsẹ̀. Mo ju kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ arúgbó náà, mo sáré gun zémì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹrẹ̀ gbé wa ṣubú. Nígbà tí mo fi máa wọ àdúgbò wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀ láti itẹ́ òkú, ṣọ́bìrì léjìká, erùpẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú náà, mo padà lọ gbé ọkọ̀. Kò sí àpò kan tó tutù. Arúgbó náà ti fi ẹní tirẹ̀ bo ibi tí rọ́bà ti ya.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni àbúrò bàbá mi obìnrin ti wá jókòó tì mí. Bàbá mi náà wa ọkọ̀ ẹrù nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. "Inú ẹrẹ̀ ni ìròyìn ti bá a lọ́jọ́ tí ìyá rẹ ń rọbí rẹ," ni wọ́n wí. "Ó fi ọkọ̀ àti ẹrù sílẹ̀ síbẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ fún ọ rí?"

Kò sọ fún mi rí. Wọ́n ti da gúdúrọ̀n sí ọ̀nà yẹn báyìí, ọ̀pá òjò kò sí níbẹ̀ mọ́, mo sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìdúró. Ó máa ń wù mí kí n bi bàbá mi bóyá ó kábàámọ̀ iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tó ń wá mi kí ó bá mi sọ̀rọ̀, ẹrù ni mo ń ṣọ́.