Kóòdù tí mo kọ fún kòkó ló gbé orin Ìkórè wálẹ̀

Ẹ gbà mí o, kòkó ti di orin mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Óǹdó ló pè mí láàárọ̀.

"Ohùn àwọn màmá ò dé òkè orin Ìkórè yìí. Bá mi fi kọ̀ǹpútà rẹ gbé e wálẹ̀. Lẹ́tà ohùn, bíi C àti D, nìkan ni ẹni tó ń tẹ dùùrù wa mọ̀ ọ́n kà."

Mo rántí kóòdù kan tí mo fi Rust, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ fún àwọn tó ń ra kòkó n'Íjàrè. Ó máa ń yọ ìwúwo àpò òfìfo kúrò lára àpò kòkó kọ̀ọ̀kan. N ò kọ "kílò" síbẹ̀. Mo kàn ní ohunkóhun tó bá ṣeé yọ kúrò lára irú rẹ̀, kó gbà á.

Mo kó àwọn lẹ́tà orin náà fún kóòdù yìí. Alágídí yìí kọ̀! Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ohùn kúrò lára ohùn.

Mo bá ṣàlàyé: méjìlá ni ohùn, wọ́n ń yípo ni, tó o bá sọ̀kalẹ̀ kọjá C, B ló kàn. Mo wá fi iye tí orin máa fi wálẹ̀ sí ipò àpò òfìfo.

N ò fọwọ́ kan kóòdù kòkó yẹn rárá. Orin jáde, gbogbo rẹ̀ ti wálẹ̀ geere!

Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sí mi létí lórí fóònù, ó wá bi mí pé:

"Ìgbà wo lo kọ́ orin?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n ò kọ́ orin o. Àpò òfìfo ni mo yọ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ yín wo ló ti mọ ohun tẹ́ ẹ ò kọ́ ọ rí?