Àká Tí Oúnjẹ Kì Í Tán Nínú Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́yà, ẹ wá bi mí. Olùkọ́ yunifásítì ni mí ní Àkúrẹ́, irùngbọ̀n mi ti ń funfun, síbẹ̀ orí gémù kọ̀ǹpútà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ti jà, tí a kò fi bára wa sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Gémù ogun ni. Èèyàn á tẹ ìlú dó, á dáko, á kó oúnjẹ sínú àká, á fi bọ́ ọmọ ogun kó tó kọjú ìjà sí ìlú ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti wà nílé ìwé làwọn tó ṣe é ti ń gbé òmíràn jáde. Ó ti di mẹ́fà báyìí. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ní gúrúùpù kan lórí fóònù, iṣẹ́ wa níbẹ̀ kò sì ju ká máa jiyàn èwo ló dára jù. Ìkejì ni tèmi. Mo ní ìkejì ló ń kọ́ni ní sùúrù àti ètò, pé wọ́n ti sọ ìkẹfà di jẹlẹ́ńkẹ́ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Mo lè kọ ojú ewé mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó máàkì ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Bàbá Ìkejì làwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń pè mí, mo sì gbà á bí ẹni gba oyè.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi yìí, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Oǹdó, kọ ọ́ sí gúrúùpù pé ìkẹfà le ju ìkejì lọ. Lójú gbogbo èèyàn! Mo fèsì pé kò mọ nǹkan kan nípa ogun, mi ò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí o, àárò rẹ̀ ń sọ mí, àmọ́ ta ni yóò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì? Èmi kọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ló dá sí i. Wọ́n ní kí n wá ta ìkejì ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi. Bí ìlú mi bá dúró fún wákàtí kan, òun ni yóò bẹ̀ mí. Bí kò bá dúró, mo ti sọ oyè mi nù. Agbádá ni mo wọ̀ lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wọ agbádá lọ ta gémù?

Ojúlówó ìkejì ni ọ̀rẹ́ mi gbé síwájú mi. Mo ká ọwọ́ agbádá sórí èjìká, mo ṣe ọmọ ogun títí wọ́n fi kún ìlú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí àká mi fi gbẹ. Ebi dé, àwọn ọmọ ogun mi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n bá tiwọn lọ, ọ̀tá ò tíì yọjú rárá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ rọra bi mí pé ṣé mi ò ní dáko ni. Mo ní kọ̀ǹpútà yẹn ló bàjẹ́, pé oúnjẹ kì í tán nínú ìkejì.

Ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ ra mínírà wá, ó sì dúró kí wọ́n jáde tán.

"Síídì tí a fi kọ́ ìkejì, èmi ni mo rà á ní òpópónà Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́," ló wí. "Ọkùnrin tó ń dà á kọ ní oríṣi méjì ló wà lọ́wọ́ òun: ojúlówó, àti èyí tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀, tí oúnjẹ kì í tán níbẹ̀. Mo ní kó fún mi ní èyí tí kì í tán."

Mo bi í pé kí ló dé.

"Nígbà tí à ń ta ti àkọ́kọ́, tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun rẹ báyìí, o kì í bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ràn ọjọ́ mẹ́ta yẹn."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo bọ́ agbádá, mo fi kọ́ ẹ̀yìn àga, mo sì ní kó jọ̀ọ́, kó sún mọ́ mi, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dáko.