Ilé Tí Ẹnu-Oyin Fi Ọ̀rọ̀ Bà Jẹ́

Ìpolówó ilé títà ni Ẹnu-Oyin ń kọ fún rédíò. Ilé tó móoru bí ààrò, yóò kọ ọ́ pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ síni lára níbẹ̀, àwọn èèyàn á sì sáré wá wò ó. Ẹnu ló fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Mo fẹ́ ta ilé Màmá. Kọ ọ́ kó dùn."

"Màmá ṣì ń gbénú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n lọ?"

"Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ ni, nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn? Èmi ni àkọ́bí, mi ò bẹ̀ ẹ́. Kọ ọ́!"

Inú bí Ẹnu-Oyin, ó fa ìwé mọ́ra. Kò burú, ó máa kọ ọ́! Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní tẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn ilé tó kángun sí òpin òpópónà àdúgbò Màmá, òórùn aṣọ tí kò gbẹ àti ìtọ̀ eku ló máa kí yín káàbọ̀. Ó ní òjò ń kán láti òkè àjà, tó, tó, tó, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní ògiri rẹ̀ rin bí ara ẹni tó ń làágùn àìsàn. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n onígbéraga ò tiẹ̀ kà á. Rédíò ní tiwọn, ohun tẹ́ ẹ bá gbé fún wọn ni wọ́n ń kà.

Eṣinṣin ò bà lé ilé náà. Ẹnu-Oyin rẹ́rìn-ín títí, ó wá gbọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ lọ, kó lè ròyìn ayọ̀ fún un.

Orí ìkúnlẹ̀ ló bá a, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri, gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ẹrù rẹ̀ tó ti dì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Dúró síbẹ̀!" Màmá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Kó má baà rùn sí ẹ nímú."

"Màmá, torí yín ni mo ṣe kọ ọ́ o! Kí wọ́n má baà rà á ni."

"Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò wá jókòó sọ́dọ̀ mi mọ́. Ibi tí mo ti tọ́ ẹ dàgbà, èmi náà ò lè mí níbẹ̀ mọ́, òórùn ìtọ̀ eku ni mò ń gbọ́." Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sínú omi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ ta ilé, kò rí i tà. Ìwọ lo lé mi jáde."

Ẹnu-Oyin wọlé, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì nínú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ha ògiri tí kò ní àbàwọ́n kankan.